Mọ́tò Tí Kò Ní Dẹ́rẹ́bà

Kí a tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí, ẹ bá wa kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ nínú ọjà Sabon Gari kú oríire. Ọmọ wọn obìnrin bí ọkùnrin làǹtìlanti ní ìlú Phoenix, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Màmá sì lọ bá a wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Màmá náà ti padà sí ìsọ̀ wọn, ara wọn sì le.

Ìròyìn tí Màmá mú bọ̀ ni ó da ìpàdé wa tó kọjá rú. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ọmọ àwọn fi fóònù pe mọ́tò, mọ́tò funfun kan sì rọra wá dúró níwájú ilé. Màmá wọlé sẹ́yìn, wọ́n jókòó tán, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n tún un kí. Nígbà tí wọ́n na ọrùn wo iwájú, sítíárìn ni wọ́n rí tó ń dá yí, kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀, ìjókòó dẹ́rẹ́bà sì ṣófo. Màmá ní orúkọ Olúwa ni àwọn ń pè títí àwọn fi dé ilé ìwòsàn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wa kan, tí wọ́n ti ń wa lọ́rì láàárín Kánò àti Ìbàdàn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́njú, dìde. Wọ́n ní kí Màmá má bínú, bóyá oorun ọkọ̀ òfúrufú ni kò tíì dá lójú wọn. Wọ́n ní ẹṣin pàápàá, tó ní ojú tó sì ní ọpọlọ, a kì í jọ̀wọ́ ìjánu rẹ̀, ańbọ̀sì irin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa adaidaita sahu ni ó gbè Màmá. Ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni Màmá ń sọ, mo ti rí i lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ bi ìpàdé ni pé, bí ó bá dé Kánò, kí ni èmi ó máa jẹ?" Ẹ̀rín dá. Akọ̀wé ní kí àwa tí ń kọ ojú ìwé yìí lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a sì wá jábọ̀. Àbọ̀ náà rè é.

Màmá kò purọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni mọ́tò náà ń jẹ́ Waymo. Inú Google ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2020, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní agbègbè Phoenix láìsí dẹ́rẹ́bà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀rọ tí ń ta iná tí ojú ènìyàn kò lè rí; bí iná náà bá kan nǹkan tó sì padà, ẹ̀rọ á fi mọ bí nǹkan náà ti jìnnà tó. Kọ̀ǹpútà ni ó ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun náà ni ó ń tẹ bíréèkì. Kò sí oògùn níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Màmá nìkan ni àyà ń já. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA wádìí lẹ́nu àwọn awakọ̀ wọn ní 2025. Nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́fà ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 13 péré ni ó ní àwọn fọkàn tán an. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé àìkàwé ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ará ọjà, kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Nílẹ̀ àwọn tó ṣe é pàápàá, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

A bi Màmá pé kí ni ó wá mú ọkàn wọn balẹ̀, nítorí wọ́n tún wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó padà wálé. Wọ́n ní ojú dígí kan wà níwájú ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, bí tẹlifíṣọ̀n kékeré, ohun tí mọ́tò náà bá rí lójú ọ̀nà ni ó ń yà síbẹ̀. Ọmọ kan gun kẹ̀kẹ́ yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mọ́tò ti rí i kí Màmá tó rí i, ó sì ti dẹ eré. Ohun títẹ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn tẹ̀, ohùn ènìyàn gidi dáhùn, ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Màmá ní, "Ìgbà yẹn ni mo tó rí ẹni kí." Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà kò ronú irin nìkan. Wọ́n ronú ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn, wọ́n mọ̀ pé yóò bẹ̀rù, wọ́n sì wá ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí àti ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ìlú tí a wà yìí kò ṣàì mọ̀ nípa ọkọ̀ tuntun. 1911 ni ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Òun ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú mìíràn, 1913 sì ni ìjọba dá Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn àlejò. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣojú gbogbo wa ni ti adaidaita sahu.

Ẹ rántí ayé achaba. Obìnrin tó pọn ọmọ, tó tún ru igbá, ni yóò la ẹsẹ̀ lórí alùpùpù, tí ìró rẹ̀ yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú títì. Ní 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fòfin de obìnrin láti gun achaba. Òfin náà dá ìjà sílẹ̀, nítorí a gba ohun tí obìnrin ń gùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì tíì fún un ní òmíràn tó tó o lò. Ohun tó wá rọ ọ̀rọ̀ náà lójú kì í ṣe pàṣán. Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè wá fún àwọn obìnrin, wọ́n sì sọ ọ́ ní adaidaita sahu, ọ̀rọ̀ Haúsá tí a ń gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n bá ní kí olùkírun to ìlà wọn kó gún. Obìnrin lè jókòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lẹ́sẹ̀, òrùlé lórí. Nígbà tí wọ́n wá fòfin de achaba pátápátá ní oṣù kìn-ín-ní 2013, lẹ́yìn tí àwọn kan kọlu Ọba Kánò, Alhaji Ado Bayero, àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó bọ́ sínú adaidaita sahu. Kò sí ẹni tó ń sunkún alùpùpù mọ́, àfi àwọn tí wọ́n fi ń jẹun. Àwọn yẹn sunkún, kò sì sí ẹni tó kọ ẹkún wọn sínú ìwé ìròyìn, àwa náà kò kọ ọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022 tí àwọn awakọ̀ adaidaita sahu da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ ni a fi rìn wá sọ́jà. Ìgbà náà ni a tó mọ bí ohun tí a kò mọ̀ rí ti di ẹsẹ̀ wa.

Ẹni tó bá sì rò pé ọkọ̀ tí ń dá ara rẹ̀ wà kò tíì dé itòsí wa, kí ó wo Kàdúná. Láti 2022 ni ilé-iṣẹ́ Zipline ti ń fi ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn abúlé ní ìpínlẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì kò ní láti kọ́ bí a ti ń wà á. Ìròyìn á wọlé sórí fóònù pé ẹrù ń bọ̀, á jáde síta, ọkọ̀ náà á fi agboòrùn pépà sọ àpótí kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á sì yí padà lọ sílé. Iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfúrufú kò ní èrò. Ẹ jẹ́ kí a mú mọ́tò Màmá wá sí Yoruba Road ní ọ̀sán Sátidé. Àwọn tí ń ti kura wà níwájú, ọmọ tó ru omi tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ ń sọdá bó ti wù ú, adaidaita sahu méjì fẹ́ yà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìwé òfin tó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Ìyá arúgbó á na ọwọ́ sókè pé "dúró ná," dẹ́rẹ́bà á mi orí, arúgbó á sọdá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fẹ́ sọdá á wo ojú dẹ́rẹ́bà; bí ó bá rí i pé ojú rẹ̀ wà níbòmíràn, á dúró. Ojú ta ni yóò wò nínú mọ́tò tó ṣófo?

Ọ̀rọ̀ ojú yìí ti gba ẹ̀mí rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2018, ní ìlú Tempe, tí kò jìnnà sí Phoenix níbi tí Màmá lọ, obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì níbi tí wọn kò kun àmì ìsọdá sí. Mọ́tò tí ilé-iṣẹ́ Uber fi ń dán iṣẹ́ yìí wò gbá a pa. Àwọn aláṣẹ tí ń wádìí ìjàm̀bá ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀rọ náà ti fojú kan obìnrin yìí ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ kí ó tó gbá a. Ó kọ́kọ́ pè é ní mọ́tò, ó tún pè é ní nǹkan mìíràn, ó tún pè é ní kẹ̀kẹ́. Bí ó sì ti ń yí orúkọ padà ni ó ń gbàgbé ibi tí ó ti ń bọ̀. Wọn kò kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí àmì. Ẹni tí wọ́n fi sínú mọ́tò láti máa ṣọ́ ọ, fóònù ni ó ń wò. Ẹ̀yin ará ọjà, ta ni nínú wa tó ti wá àmì kí ó tó sọdá rí? Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ wá rárá.

Ní ọdún 2018 kan náà, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Drive.ai gbé tirẹ̀ jáde ní ìlú Frisco, ní Texas. Wọ́n kun mọ́tò wọn ní àwọ̀ ọsàn kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú, wọ́n sì fi ojú dígí sí i lára níta, tí ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ pé mọ́tò ń dúró kí ó sọdá. Ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́, ọwọ́ Apple ni ó bọ́ sí ní 2019, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ wù wá. Ní ọ̀dọ̀ wa, èdè wo ni wọn ó kọ? Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Haúsá, Yorùbá àti Ìgbò, kí ẹni tó ru ẹrù tó kà á tán, mọ́tò tó wà lẹ́yìn á ti fọn fèrè di wá létí. Iná tó dà bí ọwọ́ tí a nà ni yóò yé wa. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi ìyá tí ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá títì, nítorí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ó ń wo bí dẹ́rẹ́bà àti ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gbọ́ ara wọn yé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo lọ́kàn wa ju ti ojú lọ. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbá ọmọ ènìyàn ní ìlú wa, a mọ ohun tí ń tẹ̀lé e, àti rere àti búburú. Bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá dọ̀bálẹ̀ nílé onílé. Irin kò lè dọ̀bálẹ̀. Ta ni yóò wá?

Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá 2023, ní San Francisco, mọ́tò tí ènìyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sọ ọ́ síwájú mọ́tò Cruise tí kò ní dẹ́rẹ́bà. Mọ́tò Cruise náà gbá a, ó dúró, ṣùgbọ́n ó tún ṣí láti yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì wọ́ ọ nílẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Ìyẹn burú. Èyí tó ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ wíwọ́ yẹn kedere fún àwọn aláṣẹ. Kí oṣù náà tó tán, California ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá 2024, General Motors tó ni wọ́n sọ pé àwọn kò ná owó sí táàsì náà mọ́. Wọ́n ti ná owó tí ẹnu kò lè ròyìn. Bí wọ́n bá ti wá sí ilé onílé lọ́jọ́ kìíní, bóyá ni ọ̀rọ̀ ì bá rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Bìrìtìkó gbìyànjú lórí èyí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 ní, bí mọ́tò tí ìjọba fọwọ́ sí bá ń dá ara rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ tó dúró fún un ni yóò jíhìn bí ó bá wà á níwàkuwà, kì í ṣe ẹni tó jókòó nínú rẹ̀. Ó kéré tán, a mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù tilẹ̀ mọ irú ọkọ̀ yìí dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin DLR, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 tó sì dé Woolwich ní 2009, kò ní awakọ̀ níwájú. Àwọn ọmọdé ń du ìjókòó iwájú láti ṣe bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń wà á. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan máa ń wà nínú ọkọ̀, tí ń mójú tó ilẹ̀kùn, tí ń dá èrò lóhùn. Ẹni tó gbọ́n ni ó fi í síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá wá rò pé kí a kàn kọ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn ni, kí ó rántí ọ̀nà ilé. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka òkú tó ju 5,000 lọ lójú ọ̀nà Nàìjíríà ní 2023, iye náà sì tún lé sí i ní 2024. Ẹgbẹ́ wa náà ti ka tirẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mẹ́ta nínú àwọn ènìyàn wa kò dé ibi ìnáwó tí wọ́n ń lọ ṣe nílé. Alẹ́ ni wọ́n kúrò ní gáréèjì. Dẹ́rẹ́bà tó gbé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ní kí ó yí padà láìsùn. A kò ní dárúkọ ẹnì kan. Àwa tí a lọ gbé wọn rí i pé kò sí ojú bíréèkì lórí títì rárá. Oorun ni. Ẹ̀rọ kì í sùn, ìdí nìyí tí a kò fi lè jókòó kí a máa fi mọ́tò Màmá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìpàdé, Bàbá onílọ́rì fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí a má kọ orúkọ àwọn, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ní òru ọjọ́ kan, kò jìnnà sí afárá Jẹ́bà, oorun gbé àwọn lọ lórí sítíárìn. Ọmọ mọ́tò tó jókòó ti àwọn ni ó gbá àwọn létí. Bàbá ní àwọn kò bá a wí. Àwọn tilẹ̀ fi owó kún owó rẹ̀ lóṣù náà. Wọ́n ní, "Bí òyìnbó bá lè ṣe irin tí yóò jókòó tì mí bí ọmọ yẹn, tí yóò gbá mi létí nígbà tó bá yẹ, èmi ó rà á. Kí ó má ṣáà sọ pé kí n sọ̀ kalẹ̀."

Irin tí Bàbá ń wí ti wà. Láti oṣù keje 2024, gbogbo mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń ké bí oorun bá ń kun dẹ́rẹ́bà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tí ń tẹ ara rẹ̀ bí nǹkan bá dí iwájú. Ẹ sì mọ ibi tí ọ̀pọ̀ mọ́tò Yúróòpù ń lọ lo ọjọ́ ogbó rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ọ̀dọ̀ wa ni. Èrò tiwa ni pé mọ́tò tí ń ran dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé Sabon Gari, kí a tó rí èyí tí kò ní dẹ́rẹ́bà. Bí ti àkọ́kọ́ bá bá wa lò dáadáa, àwọn ènìyàn á fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ké ní gbogbo ìgbà nítorí ewúrẹ́ àti kura tí kò mọ̀, tó sì ń fi èdè Jámánì kọ ìkìlọ̀, mẹ́káníìkì á já wáyà rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ní ti ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ìdáhùn kò tíì sí lọ́wọ́ wa, a kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ọlọ́kadà jókòó ní 2013 kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń wa adaidaita sahu, bọ́ọ̀sì àti lọ́rì ni a ó kọ́kọ́ fún láyè láti sọ̀rọ̀, kí a tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé. Bàbá onílọ́rì sì ní kí Màmá má gbàgbé fóònù tí wọ́n fi ya àwòrán sítíárìn náà sílé, nítorí àwọn ṣì fẹ́ fi ojú ara àwọn rí i.